Òpó Ọjọ́ Ìbí

Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1980 parí, ilé ìwòsàn kan l'Abẹ́òkúta gbà mí láti kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wọn sínú kọ̀ǹpútà. Òpó òpó la máa ń tò ó: òpó orúkọ, òpó ọjọ́ ìbí, òpó oògùn. Kí n tó tẹ ohunkóhun, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan yóò máa gbà, nọ́ńbà ni àbí ọ̀rọ̀.

Ọ̀gá mi ní kí n fi ọjọ́ ìbí sí nọ́ńbà. Mo kọ̀. Àwọn ìyá tó ń ti Kọ́bapẹ́ àti Ìtòkú wá kò mọ déètì. Ọdún tí eṣú jẹ oko ni wọ́n mọ̀, tàbí ìgbà tí wọ́n ń la ọ̀nà.

“Fojú bu ọdún náà,” ọ̀gá ní, “kí o fi ìtàn wọn sí òpó tirẹ̀ lọ́tọ̀.”

“Ọ̀gá, ẹ má bínú, irọ́ nìyẹn.”

Olóríkunkun ni mí nígbà yẹn. Mo fi òpó náà sí ọ̀rọ̀, mo fún un láyè rẹpẹtẹ, inú mi sì dùn pé mo bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin aláró kan gbé ìyá rẹ̀ wá láti Ìtòkú. Ìyá kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ kan ti fẹ́ pa á rí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọmọ kò mọ èwo ni, káàdì wọn sì ti sọnù. Dókítà ní òun ò ní gún un lábẹ́rẹ́ kankan títí màá fi rí àkọsílẹ̀ náà.

Mo tẹ orúkọ ìyá. Àwọn tó ń jẹ́ ẹ pọ̀ lọ súà, tọmọdé tàgbà. Ká ní nọ́ńbà wà nínú òpó yẹn ni, ǹ bá ní kí kọ̀ǹpútà yọ àwọn tó lé ní ọgọ́ta ọdún nìkan jáde, kíá ni ì bá sì yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ọdún eṣú ló ṣáájú ọdún ọ̀nà. Ó ń wọ́ ìtàn gígùn wọ̀nyẹn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà ń kà wọ́n, mo ń làágùn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Wọ́n ti kírun ọ̀sán tán kí n tó rí i. Mo kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà sínú ìwé, mo sáré gbé e dé wọ́ọ̀dù. Wọ́n ti fi aṣọ bo ìyá lójú.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú mi.

“Ẹ ṣeun, bùrọ̀dá,” ó ní. “Ẹ ò sinmi láti àárọ̀. Ọlọ́run á bá yín dá ìyá tiyín sí.”

Mo ṣe àmín, mi ò sì sọ fún un pé èmi ni mo fi òpó ọ̀rọ̀ yẹn dá dókítà dúró.