Ìkarahun tí Mo Yà sí Ẹnu Ọ̀nà Bàbá Olóbì

Ẹ sún mọ́ra, ẹ wá ibi jókòó. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́ kó máa jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí etí lè gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àṣírí. Gbogbo àdúgbò wa ní Agége ló mọ̀ ọ́n nígbà náà, àwọn ọmọdé tiẹ̀ fi kọrin. Síbẹ̀, pẹ̀lú ewú tó bo orí mi yìí, bí mo bá rántí rẹ̀, ojú ṣì ń tì mí bíi pé àná ni.

Kí a tó gba òmìnira ni. Ìkejà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ìlú ilé iṣẹ́. Katakata ń wú igi níbi tí wọ́n ti ń roko tẹ́lẹ̀, Oregun sì jẹ́ igbó tí a ti ń ṣa ìgbín. Tíṣà ni mí ní ilé ìwé kan ní Agége, ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo máa ń lọ ṣòkòtò mi títí yóò fi le bí pákó, mo sì gbà pé kò sí ohun kan lórí ilẹ̀ tí ìṣirò ò lè kápá.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa, ará Ìjẹ̀bú etí omi, tó ń ra obì ní Agége tó ń fi ọkọ̀ ojú irin kó o lọ sí Òkè Ọya. Bàbá Olóbì là ń pè wọ́n. Àkọ́bí wọn obìnrin, aránṣọ, ni mò ń fẹ́. A ti tọrọ rẹ̀, wọ́n ti gbà, ó ku ìdána. Bàbá Olóbì wá kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Ìkejà, torí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ń wá yàrá kiri. Ṣùgbọ́n yàrá iwájú, èyí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí jù, wọ́n ní ti ìyá àwọn ni.

Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pe ìyá yìí. Àwọn nìkan ló kù sí etí omi. Ìsáwùrú ni wọ́n fi tọ́ ọmọ wọn: wọn á wọ omi lọ ṣà á, wọn á gé ṣóńṣó ìdí rẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lè fà á mu, wọn á sè é, wọn á gbé e lọ sọ́jà. Ó ti pẹ́ tí Bàbá Olóbì ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún wọn: "Agége ò lómi. Kí ni kí n máa wò láàárọ̀, èéfín rélùwéè?"

Níkẹyìn, Ìyá Àgbà gbà láti wá wo ilé ní ọjọ́ ìṣílé. Bó bá wù wọ́n, wọn ó dúró. Bí kò bá wù wọ́n, ọkọ̀ ọjọ́ kejì ni wọn ó bá padà. Ohun tí Bàbá Olóbì ń lé nìyẹn, kò sí òmíràn. Wọ́n ránṣẹ́ lọ gbé àpò ìkarahun ìsáwùrú kan wá láti etí omi, wọn ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n wá pe èmi àti bíríkìlà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ò tíì rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

"Ìkarahun ni mo fẹ́ níbí," wọ́n fi ẹsẹ̀ júwe ẹnu ọ̀nà. "Ọ̀kan ńlá, tí a fi kéékèèké tò. Òun ni mo fẹ́ kí màmá mi kọ́kọ́ tẹ̀ kí wọ́n tó wọlé."

Bíríkìlà ṣí fìlà, ó họ orí. "Mo lè tò ó, Bàbá. Yíyà rẹ̀ ni mi ò mọ̀."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi," ni mo wí, kí ẹnikẹ́ni tó bi mí. "Ìṣirò lásán ni."

Nígbà tí bíríkìlà da sìmẹ́ńtì, mo ri èèkàn kan mọ́lẹ̀ láàárín rẹ̀. Mo wé okùn mọ́ èèkàn, mo so ìṣó mọ́ orí okùn, mo dúró lórí pákó, mo wá ń yí i po. Bí okùn ṣe ń tú ni ìṣó ń fa ìlà. Ìlà náà ń yí, ó ń fẹ̀, ó ń dán lójú mi. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi dúró sí ẹnu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ wo ìkarahun kankan kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀?"

"Èmi tí mo ti ń jẹ ìsáwùrú láti kékeré?"

"Ẹni tó ń jẹ ẹ́, ṣé ó ń wò ó ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ń fa okùn mi lọ. Bíríkìlà to ìkarahun tẹ̀lé ìlà mi, ọ̀kan ń gun èkejì. Nígbà tó dé òpin, mo ní kó fẹ ibẹ̀ díẹ̀, kó lè hàn pé ẹnu ìkarahun ni. A da ẹní bò ó kí oòrùn má baà là á, a ò sì ṣí i títí di àárọ̀ ìṣílé.

Aládùúrà ni Bàbá Olóbì. Ìjọ wọn wá pẹ̀lú aṣọ funfun láti gbàdúrà sí ilé náà, láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wòlíì wọn níwájú pẹ̀lú agogo lọ́wọ́. Èmi wọ kóòtù. Mo jáde síwájú gbogbo èèyàn, mo ká ẹní náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣí aṣọ lójú ìyàwó.

Ọmọ kékeré kan tó wà léjìká bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó figbe ta: "Ejò!"

Mo wolẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ejò ni. Ejò ńlá tó ká jọ, ara rẹ̀ nípọn bákan náà láti inú dé òde, ìkarahun tí bíríkìlà tò gun ara wọn di ìpẹ́ sí i lára. Ibi tí mo ní kó fẹ̀ yẹn, orí ni. Ó gbé e kọjú sí ojú ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò. Ẹ̀rín kọ́kọ́ bẹ́. Lẹ́yìn náà, àwọn aláṣọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn lórí ẹsẹ̀ lásán.

"Ta ló ya èyí?" ni wòlíì bèèrè.

"Tíṣà ni," bíríkìlà ò jẹ́ kó balẹ̀. "Èmi kàn tò ó ni tèmi."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìkarahun ni," ni mo wí.

"Ìkarahun wo ló lórí?" ni wòlíì wí.

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn: "Ẹ bá wọn wá igi o, kó tó rá wọlé!"

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni ọkọ̀ dúró. Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé ohun kan tí wọ́n fi aṣọ dì mọ́ àyà. Ọmọ wọn di ọwọ́ wọn mú dé iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n wo ilẹ̀ pẹ́, wọ́n wá wo ojú ọmọ wọn.

"Ọmọ mi, kí ni mo ṣe tó o fi ká ejò sẹ́nu ọ̀nà dè mí?"

"Màmá, ìkarahun ni. Ìsáwùrú yín ni."

"Ìsáwùrú tí mo fi tọ́ ẹ, mo mọ̀ ọ́n."

Mò ń retí kí Bàbá Olóbì ní tíṣà ló ṣe é. Wọn ò wí i. Wọn ò tiẹ̀ wo apá ibi tí mo dúró sí. Wòlíì gbàdúrà níta. Ìyá Àgbà yí ilé po, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, láàárín ìkòkò àti igi ìdáná, gbogbo wa sì tẹ̀ lé wọn. Ilé tuntun, ẹ̀yìn la gbà wọ̀ ọ́. Wọ́n jókòó sí yàrá iwájú láìtú gèlè, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Èmi sá sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi bá mi. Ó gbé ohun tí Ìyá Àgbà dì wá fún un lé mi lọ́wọ́: ìkarahun ìgbín òkun, ó tó ìkúùkù àgbàlagbà, ṣóńṣó rẹ̀ pé.

"Ẹ wò ó nísinsìnyí."

"Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n mo máa bà á jẹ́."

"Èmi ni wọ́n fún. Ẹ lọ̀ ọ́."

A lọ̀ ọ́ lórí òkúta, bí àwọn ọmọdé ṣe ń lọ òkòtó, a ń wọ́n omi àti yanrìn sí i, títí ìhà kan fi ṣí sílẹ̀. Ọ̀nà kan ló ń yí po nínú rẹ̀ láti ṣóńṣó wá sí ẹnu. Mo gba téèpù lọ́rùn rẹ̀, mo ń wọ̀n ọ́n. Ìyípo kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bí ìdajì fẹ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò yẹ̀.

Ó wá yé mi. Ẹran inú ìkarahun kì í wó ilé àtijọ́ kó tó kọ́ tuntun. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ti ń kọ́ ọ: ohun kan bí omi ẹfun ń jáde láti etí ara rẹ̀, ó ń gan, ó ń di ilé. Bí ara rẹ̀ bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó fi ń kún un ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí èwe rẹ̀ àti àgbà rẹ̀ fi jọra. Ó ń tóbi, ìrísí rẹ̀ ò yí padà. Ṣóńṣó tí àwa ń gé sọnù, ibẹ̀ ló gbé nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

Okùn tèmi ńkọ́? Ẹ wo ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Bó bá ń tú okùn rẹ̀, iye kan náà ló ń rí gbà lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ò pọ̀, ìyẹn ò kéré. Ìgbín ń sọ di púpọ̀. Èmi ń rò pọ̀. Ohun tí mò ń torí ẹ̀ na ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì, òun ni mo ṣe sí ẹnu ọ̀nà àna mi.

"Ẹ lọ sọ fún Bàbá," ni ó wí.

"Mi ò lè wo ojú wọn."

"Ẹ má wo ojú wọn nígbà náà. Ẹ ṣáà lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Olóbì, mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ ọ dópin.

"Tí ẹ bá wó o báyìí, tí ẹ tún un yà, ṣé á ti gan kí ọkọ̀ màmá tó dé lọ́la?"

"Rárá, sà."

Wọ́n mi orí. "Dìde, tíṣà. Ilẹ̀ tútù."

Ìyá Àgbà gba ẹ̀yìn jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A wó ejò náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn, mo ń fi àmì sí apá kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń yí po: àmì tuntun á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá jìn sí àárín ju èyí tó kọjá lọ. Ìdá mẹ́wàá ibi tí mo dé ni o, kì í ṣe ti ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi ń da àpò ìkarahun wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní bí a bá gbé ìdí rẹ̀ sókè, apá ọ̀tún ni ẹnu gbogbo wọn wà. Ó wá èyí tó yí sósì títí, kò rí. Apá ọ̀tún la fi ẹnu tiwa sí. Nígbà tó gan, ẹni tó bá kọjá ń dúró wò ó. Wòlíì wá, ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọdé ní tiwọn ń kọrin tẹ̀ lé mi lọ sílé ìwé: "Ejò tíṣà ti wọnú ìkarahun!"

A ránṣẹ́ sí etí omi. Èsì Ìyá Àgbà ni pé, "Mo gbọ́. Ẹsẹ̀ mi ni ò gbọ́ràn mọ́." Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ò tíì dá tí wọ́n fi kú síbẹ̀. Wọn ò tẹ ìkarahun náà rí. Bàbá Olóbì fi ọmọ wọn fún mi, wọ́n jẹ, wọ́n mu nílé mi, wọn ò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi re ibi àgbà ń rè. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bú mi.

Nígbà tí a pín ogún Ìyá Àgbà, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ wọn kan aládùúgbò wọn tó ń bá wọn wà á. Agbọ̀n ìsáwùrú wọn kan ìyàwó mi, pẹ̀lú ìkarahun tí a lọ̀ yẹn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yàrá iwájú ò kan ẹnikẹ́ni. Bàbá Olóbì tì í pa, bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bẹ̀bẹ̀ tó. Lẹ́yìn wọn, ilé di ti àwọn ọmọkùnrin, wọ́n sì rẹ́ ilẹ̀ tuntun bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orúkọ kan àwọn ọmọ tèmi: bí wọ́n bá dé Agége, àwọn àgbà ṣì ń pè wọ́n ní ọmọ Tíṣà Eléjò.

Ohun kan ṣẹ́kù tí Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé fún tíṣà. Ìkarahun ìgbín òkun kejì ni, ó pé látòkè délẹ̀. Ó wà lórí tábìlì mi yìí. Mi ò lọ̀ ọ́.