Àǹtí Télọ̀ àti Kòkòrò Rere

Yàrá ìránṣọ ilé ìwòsàn náà wà ní ìsàlẹ̀ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Àǹtí Télọ̀ ti ń jókòó sídìí máṣíìnì níbẹ̀. Bí aṣọ ìbùsùn aláìsàn bá gbó láàárín, òun ni yóò là á sí méjì, tí yóò yí etí rẹ̀ sí àárín, tí yóò sì rán an pọ̀, kó lè tún lo ọdún kan sí i. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ nígbà tí ìyá wọn kú, ni gbogbo ohun tó ní láyé.

Lọ́dún tó ṣáájú àìsàn àbúrò yìí, abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún un níka, ìka náà wú, ó sì di egbò. Dókítà fún un ní oògùn apakòkòrò ọjọ́ mẹ́wàá. Ìka ń san, ṣùgbọ́n inú dàrú. Ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kó ráyè jókòó. Apòògùn òpópónà kejì ló ṣàlàyé fún un. Ó ní oògùn apakòkòrò kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Bó ṣe ń pa kòkòrò búburú ló ń pa àwọn rere tó ń bá ìfun ṣiṣẹ́. Ó gbé kápúsù kan jáde tí kòkòrò rere wà láàyè nínú ìyẹ̀fun rẹ̀. Ó ní kó máa fi wákàtí méjì sáàárín rẹ̀ àti oògùn àkọ́kọ́, kó sì dáwọ́ dúró bí inú bá ti rọlẹ̀. Yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà náà dára, ó ní. Kó tó gbé e fún un, ó bi í bóyá àìsàn kankan wà tó ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, torí kì í ṣe gbogbo ara ló lè gbà á. Àǹtí Télọ̀ ní rárá.

Ní ọjọ́ kẹta, inú dákẹ́. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè ráhùn inú létí rẹ̀ kó má gbọ́ ìtàn kápúsù. Àwọn afọṣọ sọ ọ́ ní Ìyá Kòkòrò. Wọ́n ní tó bá pẹ́ sí i, àwọn kòkòrò náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kí i káàárọ̀.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú àbúrò rẹ̀. Wọ́n gbé e sí wọ́ọ̀dù òkè, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i láyà tí oògùn ń gbà wọlé. Oògùn náà ń pa jẹjẹrẹ, ó sì ń pa àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá àìsàn jà pẹ̀lú. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá láti ilé, ì báà ṣe omi, kí wọ́n kọ́kọ́ fi han òun.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Àbúrò rù kan eegun. Àǹtí Télọ̀ kò lè máa wò ó níran. Ohun tó wo òun sàn, kí ló dé tí kò fi ní wo ọmọ ìyá òun? Ó lọ ra kápúsù níbi tí wọn kò ti ní bi í ní nǹkan kan. Lọ́sàn-án, nígbà ìsinmi, yóò gòkè, yóò ṣí kápúsù, yóò da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú omi, yóò sì fún un mu. Díẹ̀ a máa kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà ló fi ń tẹ báńdéèjì ẹnu rọ́bà náà tó bá ti fẹ́ ṣí. Ọjọ́ márùn-ún ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, ibà dé. Àbúrò ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, oògùn tí wọ́n fún un kò sì ràn án. Dókítà wá bá wọn. Ó ní àyẹ̀wò ti rí kòkòrò kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí kì í sábà sí níbẹ̀. Ṣé wọ́n ti fún un ní nǹkan? Àǹtí Télọ̀ wolẹ̀. Ó ní rárá. Àbúrò rẹ̀ lajú wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ó padà sídìí máṣíìnì. Ó rán aṣọ ìbùsùn kan lódì, ó tú u, ó tún rán an lódì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ló tó mú páálí kápúsù náà, ó gbé e síwájú dókítà nídìí bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀.

Dókítà ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Kò pariwo.

“Mà, bó bá jẹ́ pé ẹ gbé e wá lánàá ni, àná ni ǹ bá ti pààrọ̀ oògùn.”

Àbúrò ló dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì. “Ẹ má bá ẹ̀gbọ́n mi wí. Èmi ni mo ní kí wọ́n rà á.”

Irọ́ ni. Àǹtí Télọ̀ sì jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀.

Oògùn tuntun mú ibà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kíndìnrín ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Dókítà ní òun kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kòkòrò ló pa á tàbí jẹjẹrẹ. Bóyá òtítọ́ ni, bóyá àánú ni, Àǹtí kò mọ̀.

Àbúrò náà bí ọmọbìnrin kan, olùkọ́ ni. Lẹ́yìn ìsìnkú, Àǹtí Télọ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Fún oṣù méje, kò kí i. Nísàlẹ̀ ilé, kò sẹ́ni tó pè é ní Ìyá Kòkòrò mọ́. Nígbà tí afọṣọ kan ń lo oògùn apakòkòrò tí inú rẹ̀ sì dàrú, Àǹtí kò dárúkọ oògùn kankan fún un. Ó ní kó lọ bá dókítà, kó sọ gbogbo àìsàn tó wà lára rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, olùkọ́ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ.

“Nọ́ọ̀sì ní mọ́mì mi sọ pé àwọn ló rán yín ní kápúsù náà.”

“Wọn ò rán mi,” ni Àǹtí wí. “Wọ́n fi bò mí láṣìírí ni.”

Ọmọ náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó jókòó sórí àpótí, kò sì dìde títí àkókò fi tó láti ti ilẹ̀kùn.