Ṣọ́ọ̀kì Ìyá Ashraf

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé orí Ìyá Ashraf ti dàrú, kó má sọ ọ́ níwájú mi. Télọ̀ ni, agboolé kan náà la jọ ń gbé ní Ẹnu Ọ̀wá. Nígbà tí ọ̀sà gbé Ashraf, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lọ, kò sunkún, kò ránṣọ, kò rí oorun sùn. Àwọn èèyàn ò pè é ní Ìyá Ashraf mọ́, Morufat ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní kó má baà dùn ún.

Nọ́ọ̀sì kan ló ní kó máa ya ohun tí kò lè sọ. Ó bá mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ, ó ń ya ojú ọmọ rẹ̀ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ṣe kan ètè ló bú sẹ́kún. Ọjọ́ yẹn ló sùn. Kò pẹ́, mo tún ń gbọ́ máṣíìnì rẹ̀ láàárọ̀.

Àfi Àlájì Mọ̀núrù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó fi omi nu àwòrán náà kúrò. Ṣé ògiri ṣẹ̀ ẹ́ ni? Ìyá Ashraf tún un yà. Àlájì tún nù ún. Mo bá lọ sí títì Adéníji Adélé, mo ra odidi páálí ṣọ́ọ̀kì wá fún un.

Àlájì bá a níbi tó ti ń yà á, ó pariwo: "Morufat! Ẹ̀sìn ò fàyè gba yíya ohun ẹlẹ́mìí! Lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, wọ́n á ní kó o fẹ́ ẹ̀mí sí àwòrán yìí!"

Ìyá Ashraf ò gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun gan-an nìyẹn. Àlájì, ẹ bá mi ṣàmín."