Ọ̀kan Nínú Irinwó Orúkọ Tí Morádéún Pa Rẹ́

Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ Morádéún Kọ́láwọlé, kì í gba iwájú géètì wọ ibiṣẹ́. Ẹ̀yìn ló ń gbà. Ó ní ibẹ̀ ló yá. Mi ò gbà á gbọ́, torí ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń muni dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, Ajégúnlẹ̀ ló ń gbé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó èèyàn lọ já ẹrù ní Kirikiri Lighter Terminal ló gbà á síṣẹ́. Òun ló ń bójú tó dátábéèsì wọn, ìyẹn àkójọ inú kọ̀ǹpútà tí orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ wà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, káàdì rẹ̀ ò ní ṣí géètì.

Ní oṣù kẹta, àkójọ náà ń falẹ̀. Káàdì kan á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìlà á sì gùn dé ibi tí àwọn tírélà ń páàkì sí. Morádéún tún àkójọ náà tò, ó sì wá àwọn tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: orúkọ kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, nọ́ńbà fóònù kan náà. Ó rí irinwó, ó pa wọ́n rẹ́. Láti ọjọ́ náà, kí o tó ṣẹ́jú, géètì ti ṣí. Ọ̀gá ní kí gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́ fún un.

Àmọ́ Adékànmí Oyèwọlé méjì ló wà níbẹ̀, ará ìlú kan náà. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ nínú wọn, ni akọ̀wé bá kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1965 fún àwọn méjèèjì, bó ṣe ń kọ fún gbogbo irú wọn. Nọ́ńbà Ràdíátù, tó ń báni ṣáàjì fóònù ní Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, ni wọ́n fi sílẹ̀, torí òun ló ń bá àwọn tí ò ní fóònù gbé ìpè.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi lé ọ̀kan nínú wọn padà. Fidelis tó ń yẹ káàdì wò pè é ní ayédèrú, gbogbo ìlà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Iwájú ni Morádéún ṣì ń gbà nígbà yẹn, ó ń kọjá lára bàbá náà láràárọ̀. Ó tiẹ̀ kí i lẹ́ẹ̀kan.

Ràdíátù ló là á lójú. “Àǹtí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní Bàbá Oyèwọlé kì í ṣe èèyàn mọ́ o. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yín wí?”

Lọ́jọ́ kejì, Morádéún fa orúkọ náà yọ látinú ẹ̀dà àkójọ àtijọ́ tó ti tọ́jú, ó dá a padà. Ó wá kọ̀wé sí ọ̀gá pé ẹ̀rọ ló ṣe àṣìṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ máa ń dédé pa orúkọ rẹ́. Ó ní wọ́n ṣì ń pe bàbá náà ní ayédèrú, pé òun kì í lè gbàdúrà parí ní ṣọ́ọ̀ṣì kóun má gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gba iwájú. Bàbá wà lórí ìlà. Morádéún kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Èmi ni mo pa orúkọ yín rẹ́. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

Bàbá nawọ́ sí géètì. “Dìde. Èmi mọ̀ pé mo wà. Àwọn tó wà lẹ́nu géètì yẹn ni kó o lọ sọ fún.”

Ó lọ sọ ọ́. Tírélà kan fọn fèrè, Fidelis ò gbọ́, ó ní kó tún un sọ. Morádéún tún un sọ sókè, ó fi ti ìwé tó kọ sí ọ̀gá kún un.

Fidelis gba káàdì bàbá. “Ẹ wọlé, Bàbá Oyèwọlé.”

Bàbá wọlé láìwẹ̀yìn. Morádéún ṣì dúró níbẹ̀. Fèrèsé ọ̀gá rẹ̀ kò jìnnà sí géètì, ó sì wà ní ṣíṣí.