Amọ̀ Inú Ìkòkò Mẹ́ta

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé onísùúrù ni mí, irọ́ ló ń pa. Láti kékeré ni inú ti máa ń tètè bí mi, pàápàá tí wọ́n bá fojú di iṣẹ́ ọwọ́ mi. Amọ̀kòkò ni mí, amọ̀kòkò ni ìyá mi, ọjà Ipata nílùú Ìlọrin ni a sì ń gbé ìkòkò wa lọ. Lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìkòkò mi ń là nínú iná. Bí mo bá ń yọ wọ́n kúrò nínú eérú, mo máa ń fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí n kò mọ èyí tó ti sán. Amọ̀ tó dára ti tán nínú kòtò tí ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́, yanrìn ló pọ̀ jù nínú èyí tó kù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n kúkú máa ta àpáàdì, kí n yé dá ara mi lágara. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Tí mo bá délé, mo máa ń sunkún.

Òyìnbó ti gba Ìlọrin nígbà náà, rélùwéè sì ti dé. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó kó wàhálà bá mi kì í ṣe èyí tó ń gba owó orí tàbí èyí tó ń dá ẹjọ́. Ilẹ̀ ni tirẹ̀. Ó fẹ́ mọ bí òkúta abẹ́ ilẹ̀ wa ṣe jẹrà jìnnà tó, àti ibi tí omi sá pamọ́ sí nínú rẹ̀. Ògbufọ̀ rẹ̀ ló ṣàlàyé fún wa pé lábẹ́ yangí pupa tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, òkúta ti rà lọ sísàlẹ̀, ó ti di amọ̀ àti yanrìn, kó tó wá kan àpáta tó ṣì le. Ọkọ mi wò ó títí, ó ní, "Èmi lẹ̀ ń sọ eléyìí fún?" Agbẹ́kànga ni ọkọ mi. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ ohun tó rí níbẹ̀ sínú ìwé.

Ní ọ̀nà tó lọ sí odò Àsà ni òyìnbó náà ti fi irin lu ilẹ̀. Irin gígùn ni, ẹnu rẹ̀ lọ́ bí ìwo àgbò. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń yí i, wọ́n á máa rìn yí ojú kan po bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Tí irin bá ti wọlẹ̀ ní ọ̀pá kan, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á kó gbogbo erùpẹ̀ tó bá gbé bọ̀ sínú ìkòkò kan. Ọ̀pá kan, ìkòkò kan. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìkòkò náà fún. Èmi náà ni mo ń tò wọ́n sábẹ́ igi ẹ̀mí, igi òrí, tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, tí mo ń fi ewé bo ẹnu wọn kí oòrùn má baà gbẹ ohun inú wọn. Òyìnbó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n títí òun á fi yẹ̀ wọ́n wò. Ìkòkò méjìlélógún ló kún kí irin tó kan àpáta líle.

Ibà ti dá òyìnbó dúbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ọ̀pá kẹtàlá. Ohun tí irin gbé jáde lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì ń rí i lójú mi báyìí. Amọ̀ funfun ni, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òrí. Mo fi díẹ̀ sẹ́nu, mo fi eyín tẹ̀ ẹ́ wò, bí àwa amọ̀kòkò ti ń ṣe. Kò sí wóró yanrìn kan nínú rẹ̀. Ọ̀pá kẹrìnlá, bákan náà. Ọ̀pá kẹẹ̀ẹ́dógún, bákan náà. Ọ̀pá kẹrìndínlógún ni òkúta jíjẹrà oníyanrìn tó tún padà dé. Àwọn tó ń yí irin kò kọbi ara sí i. Àlejò ni wọ́n, nígbà tí wọ́n sì lu ihò náà tán, wọ́n kó irin wọn lọ sí ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo jí i. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ògbufọ̀ lọ kírun, mo kó amọ̀ inú ìkòkò mẹ́ta yẹn sínú ọpọ́n mi. Mo bu erùpẹ̀ oníyanrìn láti inú ìkòkò tó ṣáájú wọn àti èyí tó tẹ̀ lé wọn, mo pín in sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fọwọ́ tẹ́ ẹ, mo da ewé bò ó padà. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò tọrọ rẹ̀. Lọ́wọ́ ta? Òyìnbó tí ibà ń yọ lẹ́nu, àbí ògbufọ̀ tí kì í wo ojú obìnrin dáhùn? Lójú tèmi, erùpẹ̀ ni. Ta ló máa ń jí erùpẹ̀?

Mo pò ó mọ́ amọ̀ oníyanrìn tèmi, mo fi mọ àmù ńlá kan. Nígbà tí mo sun ún, kò là. Mo fi ìka kàn án, ó dún bí agogo, mo sì jó níwájú iná, èmi nìkan. N kò gbé e lọ sọ́jà. Ilé ni mo gbé e sí. Ọjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ mumi nínú rẹ̀, ó gbé igbá kúrò lẹ́nu, ó ní, "Omi àmù yìí mà tutù o. Níbo lo ti rí amọ̀ rẹ̀?" Mo ní ìyá mi ló fi ibẹ̀ hàn mí lójú àlá. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún bu omíràn.

Nígbà tí ara òyìnbó yá, ó jókòó ti ìkòkò méjìlélógún náà. Ó ń ki ọwọ́ bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ̀wé. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbẹ́ kànga gidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà fún àwọn ará àdúgbò, torí ibi tí wọ́n ti ń pọn omi lẹ́ẹ̀rùn jìnnà. Ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà fún. Ògbufọ̀ ka ìwé sí wa létí: ibi tí amọ̀ bá ti ń yọ̀ ni kí wọ́n fi pákó há ògiri kànga, torí irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ya tí omi bá kàn án. Ó ní ọ̀pá mélòó kan lókè nìkan ni ìwé rí amọ̀ sí. Gbogbo pákó tó wà ni kí wọ́n lò síbẹ̀. Láti ọ̀pá kejìlá lọ sísàlẹ̀, kò séwu.

Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo yí padà, mo gba ilé lọ. Mo sọ fún ara mi pé ọkọ mi kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ yìí, pé tó bá ti rí amọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó máa dúró béèrè pákó. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi. Tó bá ti wọlé, mo máa bi í pé, "Ẹ ti dé ibo?" Á ní, "Mẹ́sàn-án." Lọ́jọ́ kejì, "Mẹ́wàá." Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo di ọ̀gá òun. Mo fi ṣe ẹ̀rín.

Lọ́jọ́ tó di ọ̀pá kẹtàlá, mo gbé oúnjẹ wọn lọ lọ́sàn-án. Àbúrò ọkọ mi ló di okùn mú lẹ́nu kànga. Òyìnbó jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ògbufọ̀ dúró tì í. Bí mo ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni agbọ̀n erùpẹ̀ gòkè. Amọ̀ funfun ló wà nínú rẹ̀, ó ń yọ̀, ó ń dán.

Ọkọ mi kígbe láti ìsàlẹ̀, ó ní, "Amọ̀ rèé o! Ẹ bi òyìnbó bó ṣe nípọn tó!"

Òyìnbó yẹ ìwé wò. Ògbufọ̀ bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu kànga, ó ní, "Ó ní kò lè ju ìka mélòó kan lọ! Yanrìn líle ló wà lábẹ́ ẹ̀. Máa gbẹ́ lọ!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀!"

Ọkọ mi, tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ló gba ìwé gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìwé tí èmi bà jẹ́. Abọ́ oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ fà á sókè!" Mo ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ń sáré. "Mo bẹ yín, ẹ fà á sókè!"

"Ìyàwó wa, fara balẹ̀. Kò tíì fa okùn."

Okùn agbẹ́kànga ní òfin tirẹ̀, mo sì mọ òfin náà. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ nìkan ló ń pàṣẹ. Tó bá fà á lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á gbé e. Tí kò bá fà á, bí ayé ń parẹ́ lókè, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, torí ìbẹ̀rù àwọn ará òkè ti pa agbẹ́kànga rí. Àbúrò rẹ̀ kò ní dá òfin yẹn rú nítorí obìnrin tó da oúnjẹ nù.

Mo dojú bolẹ̀ gbalaja lẹ́nu kànga. "Bàbá àwọn ọmọ mi! Ẹ gòkè wá!"

"Kí ló ń ṣe obìnrin yìí? Ta ló ní kó wá sẹ́nu kànga? Máa lọ sílé!" Mo sì tún gbọ́ ọkọ́ rẹ̀ tó ń wọnú amọ̀.

Agbọ̀n kejì gòkè. Omi ti ń kán lára rẹ̀.

Mo wo òyìnbó, mo wo ògbufọ̀, mo wo àwọn obìnrin tó ń ti Ipata bọ̀ tí wọ́n ti dúró láti wò mí. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ kú. Mo wá la ẹnu.

"Kì í ṣe ìka mélòó kan! Ọ̀pá mẹ́ta ni! Èmi ni mo kó o kúrò nínú ìkòkò òyìnbó! Èmi ni mo jí i! Àmù tí ẹ fi ń mumi nílé, òun ni mo fi mọ ọ́n!"

Ìró ọkọ́ dákẹ́. Okùn wá mì: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta.

Àbúrò rẹ̀ ń fà, èmi náà gbá okùn mú lẹ́yìn rẹ̀, kò sì lé mi. A ò tíì fà á dé ìdajì nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá mí kanlẹ̀ lójú oorun. Ògiri kànga ti ya. Ọkọ mi pe orúkọ Ọlọ́run. Okùn wúwo lójijì, ó bó mi lọ́wọ́, n kò fi sílẹ̀. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ, amọ̀ funfun ti bò ó dé ìbàdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wú. Ọkọ́ àti agbọ̀n rẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbi tó ti dúró gbẹ́ ilẹ̀, amọ̀ sì ti bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Kò wo ojú mi. Ó fi omi tí mo gbé wá fún un ṣe àlùwàlá, ó jókòó kírun ràkáà méjì. Òyìnbó pọ́n bí ata nígbà tí ògbufọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún un. Ó lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó lé mi, ó bi mí ibi tí amọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń san. Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́. Ó ṣì ń mumi nínú àmù náà, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Nígbà tí pákó tuntun dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Lọ́la, ìwọ náà ń bọ̀."

Ó gbé mi jókòó sẹ́nu kànga. Agbọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá gòkè, mo gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ pa á, kí n fi eyín tẹ̀ ẹ́ wò, kí n sọ fún un kó tó tún gbé ọkọ́ sókè.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Amọ̀ ni."

Wọ́n á ki pákó bọlẹ̀. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Amọ̀ ni síbẹ̀."

Ohun tí mo jẹ lérùpẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ju oúnjẹ lọ, eyín mi ń ro mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan péré. Mo wá sọ pé "yanrìn ni," mo sì gbọ́ tó mí ẹ̀mí ìtura nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pá méjì sí i, agbọ̀n gòkè, ó ń jò.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Omi ni."

"Mu ún."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bù ú, mo mu ún níwájú gbogbo wọn. Ó tutù, ó kún fún ẹrẹ̀. Mo ní, "Ó dára." Ìgbà náà ló fa okùn.

Nígbà tó gòkè, ó ní kí n lọ gbé àmù náà wá. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ fọ́ ọ lójú àwọn èèyàn, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi. Mo rù ú dé ibẹ̀, mo ń sunkún lọ́nà bí ọmọdé. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lórí mi fúnra rẹ̀. Ó gbé e sábẹ́ igi ẹ̀mí, níbi tí mo ti to ìkòkò òyìnbó, ó gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kó má baà ṣubú. Ó fa omi, ó dà á sínú rẹ̀ títí ó fi kún.

Ó ní, "Sàráà ni, fún ẹni tó bá ń kọjá. Ìwọ lo máa máa pọn ọ́n kún láràárọ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ṣé mo dá ìgbà fún ọ ni?"

Orí ẹní rẹ̀ ni ọkọ mi kú sí nígbà tó dàgbà tán, kì í ṣe nínú kànga kankan. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a sin ín, àwọn obìnrin ilé ń wá mi, wọn kò rí mi. Wọ́n ní obìnrin wo ló máa fi òkú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ jáde nílé. Mo ti wà lẹ́nu kànga. Mo fa omi, mo pọn àmù náà kún dé ẹnu, mo da igbá bò ó, kí n tó padà lọ sunkún ọkọ mi. Kò dá ìgbà fún mi.