Ọjọ́ Tí Bàbá Wa Pe Orúkọ Àkọ́bí Rẹ̀

Nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí ìjọba rẹ̀ múlẹ̀ ní Ìlọrin, èmi ni ògbufọ̀ ní ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀. Mo gbọ́n lójú ara mi nígbà náà, inú sì máa ń tètè bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí bàbá wa, ti kàwé òyìnbó débi pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé kó máa bọ̀. Kò tíì sí ará àdúgbò wa tó ṣe irú ẹ̀ rí. Bí mo bá mú lẹ́tà náà lọ́wọ́, orí mi a wú.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà nìkan kò gbé èèyàn gun ọkọ̀ òkun. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ìrìnnà, kí ó sì tó rí i gbà, èèyàn pàtàkì méjì á jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bàbá rẹ̀ á dúró níwájú ajẹ́lẹ̀, á fi Àlùkùránì búra, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ ọmọ tí òun ń dúró fún. Àwọn ẹlẹ́rìí kò ṣòro. Ìmáàmù àdúgbò wa jẹ́ ọ̀kan, olórí àwọn aláṣọ jẹ́ ìkejì. Ti bàbá yìí ni mo kà sí kékeré, nítorí mo ti tú irú ìbúra bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Fúlàní ni ìran wa. Nílé wa, bàbá kì í pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Kunya là ń pè é: ìtìjú ni, ọ̀wọ̀ sì ni. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, “ọmọkùnrin yìí” ni bàbá wa ń pè é. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní pè é rárá, á kàn wúkọ́, ẹ̀gbọ́n mi á sì dìde. Èmi tí mo jẹ́ ìkẹta, orúkọ tèmi ni Bàbá máa ń pariwo káàkiri agboolé. Ó ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rántí títí a fi dé iwájú ajẹ́lẹ̀.

Bàbá búra tán. Ajẹ́lẹ̀ ní kí ni orúkọ ọmọ rẹ̀. Mo tú u. Bàbá fi láwàní bo ẹnu, ó ń wo ilẹ̀.

“Ẹ bi òun alára. Òun náà ló dúró yẹn.”

Ajẹ́lẹ̀ gbé kálàmù sílẹ̀. Ó ní bàbá tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kò lè dúró fún un, ó sì ní kí èmi tú ọ̀rọ̀ yẹn fún bàbá tó bí mi. Inú bí mi gan-an. N ò tú u. Àṣà wa ni mo ṣàlàyé fún ajẹ́lẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè gba orúkọ náà lẹ́nu àbúrò, bàbá ni òfin ní kó sọ ọ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi bá lóṣòó níwájú bàbá.

“Bàbá, ẹ jẹ́ á máa lọ ilé. Ọlọ́hun á ṣe ọ̀nà mìíràn. N ò ní torí ìwé dójú tì yín.”

Bàbá wò ó. N ò rí i kó wò ó lójú bẹ́ẹ̀ rí. Ó ká láwàní kúrò lẹ́nu, ó dìde, ó sì pe orúkọ náà ketekete. Ó fi orúkọ tirẹ̀ kún un, ó fi ti bàbá rẹ̀ kún un, títí ó fi dé orí ẹni tó kọ́kọ́ da màlúù wọ ìlú yìí. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, n ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ajẹ́lẹ̀ ń wo ẹnu mi, n ò lè là á. Ó fúnra rẹ̀ kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé náà. Bàbá ṣáájú wa lọ sílé. Àwa méjèèjì ń bọ̀ lẹ́yìn, èmi ń ròyìn Lọ́ńdọ̀nù tí n ò dé rí. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń sunkún. Mo bi í pé kí ló dé.

“Kò sí nǹkan,” ó ní. “N ò mọ̀ pé Bàbá mọ orúkọ mi pè báyẹn ni.”