Àmín Tí A Ṣe Ní Ẹnuwá

Àkùkọ kò tíì kọ tí mo fi kan ilẹ̀kùn àbúrò mi, Ìyá Gbádé. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá lọ fà á, kò ní bá wa lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Láti ọdún tí wọ́n fagi lé ìbò, tí ìbọn ṣójà bá ọmọ rẹ̀ Gbádé lẹ́sẹ̀ n'Ìbàdàn níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, kì í ṣe àmín mọ́. Á wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó, á pa ẹnu dé. Nígbà tí a gbọ́ pé onírúurú ìlú yóò péjọ ní Ẹnuwá láti gbàdúrà ìwòsàn fún Nàìjíríà, mo ní ó di dandan kó lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí n lọ ṣe kí ni?"

"Wá bá mi gbé agbòòrùn."

Agogo márùn-ún ni bọ́ọ̀sì tí ìjọ háyà gbéra ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ti bàjẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ lè lúwẹ̀ẹ́ nínú kòtò rẹ̀. Mùsùlùmí ni Múrí dírẹ́fà wa, síbẹ̀ ó ń kọ orin wa jù wá lọ. Lẹ́yìn Ìbàdàn, oko kòkó gba ọ̀tún gba òsì. Ní Ìkirè mo ra dòdò wọn tó dúdú, tó ta, náírà márùn-ún. A ń gbààwẹ̀ di ọ̀sán, ni òórùn rẹ̀ bá ń dán gbogbo wa wò.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Gbọ̀ngán, ṣójà dá wa dúró. Ìyá Gbádé yíjú sí igbó. Ọ̀kan nínú wọn, tí ojú rẹ̀ ṣì jẹ́ tọmọdé, yọjú sí fèrèsé mi. "Sannu, Mama," ó ní. Báyẹn ni àwọn Haúsá ṣe ń kíni, bí ẹni tó ní ẹ pẹ̀lẹ́. Ó bèèrè ibi tá à ń lọ, mo sọ fún un. Ó ní, "Mama, àdúrà fún Audu. Ilé jìnnà." Mo ní màá ṣe é.

Ní Ẹnuwá, iwájú ààfin, ọ̀gá yunifásítì àti àgbẹ̀ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, àwọn mùsùlùmí sì wà láàárín wa. Nílé wa, pásítọ̀ nìkan ló ń di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Níbí, ìlú kan, ẹnu kan. Nígbà tó kan Ìsẹ́yìn, wọ́n tì mí síwájú torí pé èmi ni mo dàgbà jù.

"Olúwa, wo Nàìjíríà sàn!"

"Àmín!"

"Mú àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi délé láyọ̀!"

"Àmín!" Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀yìn odi kan Ìyá Gbádé; mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ga ju ti gbogbo wọn lọ.

"Pàápàá Audu, ṣójà tó wà lọ́nà Gbọ̀ngán."

Ni wọ́n bá ń wo ara wọn. Mi ò fọgbọ́n ṣe é o. Ẹnu wa ló máa ń yá ju etí wa lọ. Bàbá kan tó dé fìlà funfun pariwo, "Hà! Ìyá, ẹ ti gba àmín wa tán kí ẹ tó tú ẹrù!" Ẹnì kan ní ká gbà á padà. Bàbá ní, "Àmín kì í ní ṣéńjì!" Ẹ̀rín gba gbogbo Ẹnuwá.

Àbúrò mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ní Ìlódè, àdúgbò kan n'Ífẹ̀, ìyá tó gbà wá lálejò gún iyán. Ọkà la mọ̀ nílé wa, ṣùgbọ́n iyán Ifẹ̀ kò ní kókó rárá. Ìyá Gbádé jẹ òkèlè méjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ń tiro, ẹ wá mú mi ṣàmín fún ìbọn."

"Ìbọn kọ́. Ọmọ ẹnì kan ni."

"Ọmọ ẹnì kan ló sì yìn ín."

Mo fi ẹran tèmi kún tirẹ̀.

À ń padà bọ̀, a ti kọjá Ìbàdàn, ló bá dìde láàárín bọ́ọ̀sì. "Múrí, rọra. Àdúrà ẹ̀gbọ́n mi ò pé, mo fẹ́ parí rẹ̀. Kí Audu délé!"

Gbogbo wa na etí. A ti kọ́gbọ́n.

"Kí ìyá rẹ̀ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Kó gba ìbọn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bomi fún un mu. Kó gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́!"

"Àmín!" Múrí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo lọgun pé kó di ọkọ̀ mú. Ìyá Gbádé rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi já bọ́.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a wọ Ìsẹ́yìn. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ó yẹ kí àwa náà máa gbọ́ ọ. Gbádé jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi kúnlẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gùn. Mo dúró, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kí n tó ṣàmín.